Ọdún Méje Tí Mo Ti Ń San Inṣọ́ránsì Omíyalé ní Houston

Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, a ní inṣọ́ránsì ilé. Oṣooṣù lọkọ mi ń san án mọ́ owó ilé, kò yẹ̀ rí. Òjò rọ̀ títí, a ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, omi sì wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ adójútòfò wa, ẹni tó gbé fóònù fi sùúrù ṣàlàyé fún mi: bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé, wọ́n á san, omi tó bá ti ilẹ̀ wọlé, kò sí nínú àdéhùn. Mo lọ wo ìwé náà. Ó wà níbẹ̀ kedere, a ò kà á ni. Àpò ara wa la fi tún ilé yẹn ṣe.

Zone X ni máàpù ìjọba pe àdúgbò wa, ìyẹn ni pé kò sí lára ibi tí ewu omi ti pọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, báńkì tó yá wa lówó ilé kò fi dandan lé inṣọ́ránsì omíyalé, àwa náà sì gbà pé a ò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí Harvey bà jẹ́ ní Houston ló wà ní irú àdúgbò wa yìí.

Oṣù kọkànlá ọdún náà la ra èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inṣọ́ránsì omíyalé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NFIP, tó wà lábẹ́ FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àjálù. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló tà á fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni yòówù kẹ́ ẹ ti rà á, iye kan náà ni. Bíi $500 la san lọ́dún àkọ́kọ́. Ó lè san tó $250,000 lórí ilé àti $100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ti ẹrù yìí: ọ̀tọ̀ là ń ra ti ilé, ọ̀tọ̀ là ń ra ti ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ra ti ilé nìkan láìmọ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló sì máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá dúró dìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ń fi ìjì hàn lórí òkun ti pẹ́.

Ìjì Imelda dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Agbára rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń pè ní hurricane, àmọ́ òjò rẹ̀ pọ̀ kọjá àlà. Omi tún wọlé, ó ga tó ínṣì mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó fa kápẹ́ẹ̀tì kankan jáde, mo ya fọ́tò ibi tí omi ga dé lára ògiri ní gbogbo yàrá, mo sì gé díẹ̀ pa mọ́ lára kápẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn náà la gé ìsàlẹ̀ ògiri kúrò kó má baà bu. Ọjọ́ kọkànlá lẹni tí wọ́n rán wá wo ìbàjẹ́ tó dé, ó sì fo kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná pátápátá nínú ìṣirò rẹ̀. Mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́, mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Wọ́n fi kún un nígbẹ̀yìn. Ẹ ṣọ́ ọgọ́ta ọjọ́ o: láàárín rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé Proof of Loss, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi jẹ́rìí sí iye ohun tó bà jẹ́, ránṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín tàbí kò pè yín.

Owó ilé tí wọ́n san tó ṣe iṣẹ́ náà. Ti ẹrù ló dùn mí. Iye tí nǹkan bá tó lẹ́yìn tó ti gbó ni wọ́n ń san, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa fi ra òmíràn. Aṣọ-òkè ìgbéyàwó mi, tí ìyá mi lọ dúró tì àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn kí wọ́n tó parí rẹ̀, wà nínú àpótí lórí ilẹ̀. Nínú ìṣirò wọn, aṣọ àlòkù ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì yọ $1,250 tó jẹ́ ìpín tiwa, ọ̀kan lára owó ilé, ọ̀kan lára owó ẹrù. Wọn kì í san owó ibi tẹ́ ẹ bá sùn sí nígbà tí ilé ò ṣe é gbé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi la wà fún oṣù méjì. Bí omi bá ba mọ́tò jẹ́, inú inṣọ́ránsì mọ́tò ló wà, fún ẹni tó bá ra èyí tó kún. Síbẹ̀, wọ́n dá owó àpò iyanrìn tí a fi dí ilẹ̀kùn padà nítorí rìsíìtì wà lọ́wọ́. Ó lè tó $1,000.

Èmi á fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìjì Beryl dé ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024, ó sì mú iná lọ nílé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Atẹ́gùn ló bá wa jà nígbà yẹn, ìyẹn sì padà di ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ilé. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n fi ilé sí, $300,000, la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ bó bá jẹ́ ti atẹ́gùn. $6,000 nìyẹn. Àtúnṣe òrùlé jẹ́ $5,200. Wọn ò san kọ́bọ̀. Ẹ bá mi wo ìdá yẹn nínú ìwé tiyín lónìí. Ẹ̀yin ará Galveston, ẹ tún wò ó bóyá ti atẹ́gùn wà nínú inṣọ́ránsì ilé yín rárá, torí ọ̀dọ̀ TWIA, ẹgbẹ́ adójútòfò atẹ́gùn ti ìpínlẹ̀ Texas, ni ọ̀pọ̀ èèyàn etíkun ti ń rà á lọ́tọ̀, wọn kì í sì í tà á fún ẹni tuntun tí ìjì bá ti wọ inú òkun Gulf.

Owó omíyalé wa ti lé ní $900 báyìí. Láti ìgbà tí FEMA ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó yìí padà ló ń gun òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò jẹ́ kó ju ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún fún ilé tí onílé ń gbé. Ó wúwo, a ṣì ń san án.

Àsìkò ìjì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Kó tó dé, lóṣù karùn-ún, ọkọ mi á kó ewé inú gọ́tà, á gé ẹ̀ka igi tó fara ti òrùlé. Èmi á gbé fóònù rìn láti yàrá dé yàrá, màá ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, màá máa ka nǹkan tó wà níbẹ̀ àti iye tí a rà á, màá sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Dallas. Aṣọ-òkè ìyá mi ti wà nínú ike onídèérí, ní pẹpẹ tó ga jù lọ nínú ilé.