Ilé ìwòsàn tó fún màmá mi ní oògùn tí kò bá wọn lára mu

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Aládàáni ni, Adó-Èkìtì ló wà, láti 2018 la sì ti ń lò ó. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, iná wọn kì í kú, ẹ kò sì ní jókòó pẹ́ kí wọ́n tó pè yín. Ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ èyí.

Hóró oògùn mẹ́ta ló fà á. Màmá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ọjọ́ Ajé ni mo gbé wọn wá láti Ìkẹ́rẹ́, ara wọn gbóná, ẹnu wọn korò. Dókítà tuntun kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ibà ni, ó kọ oògùn. Nọ́ọ̀sì kó hóró mẹ́ta lé màmá lọ́wọ́ pẹ̀lú omi. Màmá bi í pé, "Ọmọ mi, kí lorúkọ èyí?" Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà lò ó. Dókítà mọ ohun tó kọ." Kò tilẹ̀ wojú wọn, fóònù ló ń tẹ̀. Màmá gbé e mì. Èmi náà dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Ìgbà tí mo fi máa rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ètè wọn ti wú, ojú wọn ti dí, gbogbo ara lé bí ẹni tó ṣubú lu yèrèpè.

A padà síbẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wọlé. Septrin, oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, kò bá màmá lára mu. 2019 la mọ̀, ilé ìwòsàn yìí kan náà ló sì tọ́jú wọn nígbà yẹn. Mo ní kí wọ́n gbé káàdì wá. Ó wà níbẹ̀! Bírò búlúù, ojú ewé kejì: "No Septrin". Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sítépúlà lẹ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bo ibẹ̀. Àfi kéèyàn gbé bébà náà sókè kó tó rí i.

Wọ́n fún màmá ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, dókítà yẹn sì dé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè é. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmá, èmi ni mo ṣàṣìṣe. N kò gbé bébà yìí sókè, n kò sì bi yín léèrè. Ẹ dákun, ẹ má bínú." Láti ìgbà tí mo ti ń gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn, n kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu dókítà rí.

Ó ṣàlàyé fún wa. Sulfadoxine ló wà nínú hóró mẹ́ta yẹn. Òun àti èyí tó wà nínú Septrin, ọmọ ìyá ni wọ́n, sulfa ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀. Láti 2005 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi artemether-lumefantrine àti irú rẹ̀ wo ibà, àmọ́ màmá ti ráhùn pé àwọn kò lè gbé hóró 24 mì fún ọjọ́ mẹ́ta. Àánú ló ṣe é tó fi kọ èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní sulfadoxine kì í tètè kúrò lára, nítorí náà ó dá wọn dúró. Láàárọ̀ lálẹ́ ló ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ẹnu wọn àti ojú wọn wò, bóyá ibẹ̀ máa lé ròrò, nítorí bí èyí tó léwu jù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kẹta, màmá béèrè iyán. Ọkàn mi balẹ̀.

Àfi bí ìwé owó ṣe dé. Wọ́n ka abẹ́rẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn! Mátírọ́ọ̀nù ní, "Ẹ̀yin náà ò rán wa létí." Mo ní, "Ẹ̀yin mà, òfin ìlera ti 2014 ní kí ẹ sọ ìtọ́jú tí ẹ fẹ́ ṣe fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́. Màmá béèrè. Kí lẹ fi dá wọn lóhùn?" Dókítà gba ìwé náà, ó fi bírò fa ìlà sórí méjèèjì. Nọ́ọ̀sì yẹn kò tíì bẹ màmá mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, màmá ní ibẹ̀ náà làwọn fẹ́ padà sí. Wọ́n ti fi bírò pupa kọ SULFA gàdàgbà síwájú káàdì wọn. Kí nọ́ọ̀sì mìíràn tó na oògùn sí wọn, wọ́n ti ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Ó kà á fún wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.