Fáíbà, ráútà síìmù tàbí àwo orí òrùlé: èwo ni kí ẹ gbé wọlé?

Láti 2021 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní èdè Yorùbá láti yàrá mi ní Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì mi máa ń bọ́ sí, àsìkò tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí oníkálukú ti tan fídíò. Mo ti lo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé níbí: fáíbà tí wọ́n ń fà bíi wáyà iná, ráútà tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀, àti àwo Starlink tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run. Èwo ló yá jù ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bi mí. Ohun mìíràn wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí, màá dé ibẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn ná.

Fáíbà ni ìyára rẹ̀ ṣeé gbára lé jù. Bí ẹ bá sanwó 20 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì) níbi tí wọ́n ti fà á dáadáa, nǹkan bíi 20 náà ni ẹ ó rí lọ́sàn-án àti lóru, àtèyí tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde. Èyí tó ń jáde yìí, àwọn olùtà kì í mẹ́nu bà á. Ẹni tó kàn fẹ́ wo fíìmù lè fojú fò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìpàdé lórí fídíò tàbí tó ń kọ́ni bíi tèmi, èyí tó ń jáde ló ń gbé ojú àti ohùn rẹ̀ lọ. Àwo orí òrùlé lè gbé 100 wọlé kó má gbé ju 10 sí 20 jáde. Ti ráútà síìmù kò ṣeé búra sí: ẹ lè rí 40 láàárọ̀, kó di alẹ́ kó já sí 3, torí pé gbogbo ilé tó yí òpó nẹ́tíwọọ̀kì yẹn ká ló jọ ń pín in. Níbi tí 5G bá dé ó sàn gan-an (MTN gbé e jáde ní 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní 2023), àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mú fóònù 5G rìn kiri inú ilé yín kí ẹ tó ra ráútà, nítorí ògiri máa ń dí i lọ́nà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdánwò ìyára tí olùtà bá ṣe lójú yín. Sáfà (kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ìyára náà) tó sún mọ́ yín jù ni ẹ̀rọ ìdánwò máa ń yàn, ó sì lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà gan-an ní Èkó. Nọ́ńbà ńlá tí ẹ rí yẹn kò tíì jáde kúrò lágbàlá wọn. Ẹ yan sáfà London, tàbí ibi tí àwọn ènìyàn yín wà, kí ẹ dán an wò láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Mbps kì í sì í ṣe MB: 20 Mbps á gbé MB 2.5 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nìyí: bó bá já, ta ni yóò wá tún un ṣe, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà?

Ní oṣù keje 2023, katapílà tó ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò wa fa okùn fáíbà jáde nínú ilẹ̀ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu. Mo wà lójú wíńdò, mo rí i. Mo pe iléeṣẹ́ tó fà á fún wa lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bọ̀wọ̀ fún mi, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́, ó ní, "Ẹ má bínú mà, àwọn ẹnjiníà wa á dé láàárín wákàtí 48." Wákàtí 48 kọjá. Mo tún pè, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní àwọn ń dúró de ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n ní okùn ni kò sí nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù tí mo san owó rẹ̀ pé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì sọ fún mi pé àfi kí n san ti oṣù tuntun kí wọ́n tó lè rán ènìyàn wá, torí pé orúkọ mi ti kúrò lára àwọn oníbàárà tó ń sanwó. Mo san án, fún okùn tó wà nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni ọmọkùnrin méjì dé pẹ̀lú àkàbà. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi so ó.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, orí síìmù ni mo wà. "Unlimited" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ráútà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan wà tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo lò ó kọjá ìyẹn, wọ́n fà á wálẹ̀ débi pé àwòrán mi ń dì, ohùn mi ń gé. Ìyá ọmọ kan ní Peckham, ní London, tó ti wà pẹ̀lú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn ọmọ ń gbìyànjú, àmọ́ bákan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń dún létí wọn." Òótọ́ ló sọ. Bí ohùn bá ti ń gé, báwo ni ọmọ tó ń gbé ní London ṣe fẹ́ mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀? Ìdílé méjì ló kúrò lọ́dọ̀ mi kí oṣù yẹn tó parí. Ó ṣì ń dùn mí.

Kì í ṣe àdúgbò tèmi nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, sọ pé nínú nǹkan bí 50,000 ìgbà tí ohun èlò àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ bàjẹ́ gidi ní 2024, nǹkan bí 30,000 ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe títì fún ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Ní 2025, àjọ náà pàṣẹ pé bí ìdádúró ńlá bá kọjá wákàtí 24, kí iléeṣẹ́ san ẹ̀san fún oníbàárà, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún un fún un. Kò sí àṣẹ yìí nígbà tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ rí i lò, ẹ máa kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ tí ẹ pè sílẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.

Ní 2024 ni mo ra àwo. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ sókè, nígbà tí irú ti àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 36,000, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kì í fi í pẹ́ lọ́nà. Òjò ńlá máa ń gé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì tí ẹ lè lọ jókòó sí, inú áàpù ni ẹ ó ti kọ̀wé sí wọn, ẹni tó bá fẹ́ràn kí ènìyàn bá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó rà á. Ṣùgbọ́n kò sí katapílà tó lè fà á tu. Ìgbà méjì tí tèmi ṣe ségesège, èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà: wáyà rẹ̀ ló tú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ka máńgòrò ti dàgbà dí ojú ọ̀run tó ń wò. Èyí tó pẹ́ jù nínú méjèèjì kò pé wákàtí mẹ́ta.

Owó ńkọ́? Àwo ló wọ́n jù, yàtọ̀ sí owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. ₦38,000 ni lóṣù ní 2024, ó ti di ₦57,000 ní 2025, fáíbà sì lè má tó ìdajì rẹ̀.

Ní ti iná, àpótí fáíbà àti ráútà rẹ̀ kì í sábà jẹ ju wáàtì 20 lọ. Àwo ńlá ń jẹ 50 sí 100, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, Mini, àwo kékeré wọn, ń jẹ 25 sí 40. Bí ẹ kò bá ní sólà tàbí ínfátà tó lágbára, ẹ rò ó dáadáa.

Ayálégbé, ẹ ó gbé àwo yín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá kó. Àmọ́ ẹ wo máàpù Starlink kí ẹ tó rà á lọ́wọ́ ẹni kẹ́ni: ní ìparí 2024, wọ́n dá títa dúró láwọn àdúgbò kan ní Èkó àti Àbújá torí pé ó ti kún.

Ibi tí mo fì sí nìyí. Ẹni tó ń gbé ní ẹ́sítéètì tí títì rẹ̀ ti parí, tí àwọn tó ń tún fáíbà ṣe kò jìnnà síbẹ̀, kó mú fáíbà, yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ju WhatsApp àti ìwé ìròyìn lọ, ráútà síìmù tó o. Ẹni tó jẹ́ pé inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ ilé rẹ̀ ti ń wá, bó bá lè tu owó rẹ̀ jọ, kó ra àwo, kó sì fi síìmù kan pamọ́ fún ọjọ́ òjò. Bí ó bá jẹ́ fáíbà ni ẹ ṣì fẹ́, ẹ kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́ta tó ń lò ó ládùúgbò yín, kí ẹ bi wọ́n pé nígbà tó já gbẹ̀yìn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró.

Okùn fáíbà tèmi ṣì wà lára ògiri, mi ò tíì yọ ọ́. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ ní 2023 náà ò tíì parí.