Mo tún gbé Dynasty Warriors 3 síta

Ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Koei gbé géèmù ogun yìí jáde fún PlayStation 2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo nu eruku orí tèmi nù, mo fún àbúrò mi ní páàdì kejì. Dynasty Warriors 2 tó ṣáájú rẹ̀ kò gba ẹni méjì. Èyí gbà á, ojú tẹlifíṣọ̀n á kàn pín sí méjì ni.

Zhao Yun, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun inú géèmù náà, ni mo máa ń mú. Ẹ fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ gbá àwọn ọmọ ogun Wei, ìjọba ọ̀tá rẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀! Bọ́tìnnì onígun mẹ́rin ni ọwọ́ ń tẹ̀ ṣáá, onígun mẹ́ta á wá fi ìkọlù ńlá kádìí rẹ̀. Àtàǹpàkò mi ṣì ń dùn mí.

Géèmù náà ti darúgbó lóòótọ́. Inú kùrukùru ni ọ̀tá ti ń yọ síni bí iwin, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ sì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ogun ẹnubodè Hu Lao! Lu Bu, akọni tó burú jù níbẹ̀, jáde, wọ́n ní ká má lé e. Àbúrò mi lé e. Kí n tó rí búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí yóò fi gba okun padà, àbúrò mi ti nà gbalaja.

7 nínú 10. A ti tún fẹ́ gbá a lálẹ́ òní.