Jurançon àti Jurançon Sec: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lára ìgò ló máa ń kó oníbàárà sí ìjọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá kọ "Jurançon" lásán, wáìnì dídùn ni. Bí "Sec" bá tẹ̀ lé e, kò dùn rárá. Funfun ni méjèèjì. Ẹni tó bá ń ta Jurançon pupa fún yín, ẹ sá fún un.

Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá: ìsàlẹ̀ òkè Pyrénées, ní gúúsù ìlú Pau, ní Faransé. Gros Manseng, àjàrà tí èso rẹ̀ tóbi díẹ̀, ni wọ́n sábà fi ń ṣe Sec, wọ́n sì ń tètè ká a. Petit Manseng ló ń gbé dídùn: èso wẹ́wẹ́, èèpo rẹ̀ le, kì í tètè jẹrà. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí igi di Oṣù Kọkànlá, nígbà mìíràn di Kejìlá, kí atẹ́gùn gbígbóná láti ìhà gúúsù fa omi rẹ̀ gbẹ. Èso á súnkì, ṣúgà á ki. Sauternes, wáìnì dídùn mìíràn láti Faransé, ní tirẹ̀ ń dúró kí àjàrà bu. Ti Jurançon kì í bu, kíkan rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ digbí. Ìdí nìyẹn tí adùn rẹ̀ kì í fi í sú ẹnu. Àjàrà tó ti súnkì kì í ní omi púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí owó rẹ̀ yà yín lẹ́nu. Èyí tí wọ́n bá kọ "Vendanges Tardives" (ìyẹn ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ká àjàrà rẹ̀) sí lára tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọ́n jù.

Ẹja àti edé? Sec ni kí ẹ gbé. Ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tàbí wàràkàṣì àgùntàn bá èyí tó dùn mu. Ṣùgbọ́n bí kéèkì bá dùn ju wáìnì lọ, ṣe ni wáìnì á kan lẹ́nu yín bí omi ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìwọ̀n 10°C dára fún méjèèjì. Bó bá tutù bíi yìnyín, òórùn rẹ̀ á sá lọ. Tí ẹ bá ti ṣí Sec, ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó dùn lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo kọ́ọ̀kì: bó bá ti yọ sókè, ooru ti ba ìgò náà jẹ́ lọ́nà. Sec tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ dá a padà. Lára èyí tó dùn, àwọ̀ wúrà ọjọ́ orí lásán ni. Ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán bí iyọ̀ nísàlẹ̀ ìgò kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ gbé ìgò náà nàró, kí ẹ sì rọra dà á.