Ìpàdé fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí: ẹ pè kí ẹ tó lọ

Ọjọ́ kẹrin tí mo jáwọ́ nínú ọtí ni mo jáde lọ wá ìpàdé. Mo ti kọ́kọ́ rí dókítà, torí ẹni tó ti ń mu lójoojúmọ́ bíi tèmi, bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò sí ìpàdé tó lè rọ́pò ìyẹn.

Inú àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí n kò ní dárúkọ, ni mo ti rí àdírẹ́sì. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo ká a sọ́wọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dípẹtà. Mo wo bébà, mo wo ilẹ̀kùn, mo tún wo bébà, bóyá èmi ni mo ṣì í kọ. Mo dúró tó ìṣẹ́jú 20 kí ọkùnrin kan tó ń kọjá tó sọ fún mi pé wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó lọ ra bàtà tó bá ilẹ̀kùn ní títì, yóò padà lọ lọ́la. Ẹni tó ń wá irú ìpàdé yìí, gbogbo okun tó ní ló kó wá sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó lè má rí òmíràn kó jọ mọ́. Nígbà tí mo ń padà sílé, mo dúró níwájú ibi tí mo ti máa ń ra ọtí. N kò wọlé. Àmọ́ mo dúró, bébà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, òógùn ti mú kó rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pe nọ́ńbà Alcoholics Anonymous, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Obìnrin kan ló gbé e. Kò bi mí lórúkọ. Ó ní, “Ṣé ẹ ti mu lónìí?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè kẹ́ ẹ tó mu. Èmi náà ti dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn rí.” Ohùn mi kò jáde fún ìgbà díẹ̀, kò sì gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wá, títí kan mọ̀lẹ́bí, òmíràn sì wà tó jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nìkan. Ó bi mí bóyá ti obìnrin nìkan ni mo fẹ́. Ó wá ní kí n dúró ná, ó lọ bi ẹgbẹ́ kan léèrè bóyá wọ́n máa pàdé lálẹ́ ọjọ́ kejì, kó tó fún mi ní àdírẹ́sì wọn.

Orí fóònù náà ni AA fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill W. tó ti jáwọ́ fún oṣù díẹ̀ rí i pé ọtí tún ń fa òun. Ó ń tẹ fóònù kiri láti inú hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tó máa bá sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi júwe Dókítà Bob, oníṣẹ́ abẹ, fún un. Àwọn méjèèjì ló jọ dá AA sílẹ̀.

Ìpàdé tí mo lọ lọ́jọ́ kejì, ojú pọ̀ jù fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, àmọ́ mo jáde kó tó parí. Mo tún pè. Wọ́n ní kí n má fi ẹyọ kan díwọ̀n gbogbo wọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo rí tèmi. Àwa 11 ni a wà níbẹ̀. Bàbá kan tọ́ka sí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní, “Ibí lèmi náà jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lè jáde nígbà tó bá wù yín.” Torí pé mo lè jáde, mo jókòó. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ní mo wá gbọ́ ni, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kàn ẹlòmíràn. Wọ́n gbé àpò owó kọjá, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbà á kó tó kàn mí. Kò sówó ìwọlé. Kéèyàn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan ni wọ́n ń béèrè.

AA ń dárúkọ Ọlọ́run nínú Ìgbésẹ̀ Méjìlá wọn, ìyẹn ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti jáwọ́, wọ́n ní bí olúkúlùkù bá ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tíyẹn kò bá lára mu lè wá SMART Recovery, ẹgbẹ́ mìíràn tí kò lo ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn. Ọkọ mi ń lọ sí Al-Anon, ti àwọn mọ̀lẹ́bí, ó sì ti ràn án lọ́wọ́ gan-an. AA ní áàpù ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Meeting Guide. Mo ń lò ó bí mo bá rìnrìn àjò, síbẹ̀ mo máa ń pè kí n tó gbéra.

Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn tó ni àkójọ àkọ́kọ́ yẹn. Àdírẹ́sì náà ṣì wà níbẹ̀. Mo wá lọ bá onílé, mo tọrọ àyè, mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn náà: “Wọ́n ti kó kúrò níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì padà sílé. Ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá láti wò ó bóyá òjò ti fà á ya.