Cuvette quartz kékeré ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó ní láàbù wa l'Ádó-Èkìtì

Ẹnikẹ́ni tó bá ń yọ DNA (èròjà tó ń gbé àbùdá ohun alààyè) lára ewé iṣu tàbí ẹ̀wà mọ̀ pé omi tó ń kù síni lọ́wọ́ kì í ju 50 sí 100 máíkírólítà lọ. Cuvette (ife kékeré tí à ń da omi sí kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ lè gba inú rẹ̀ kọjá) tí gbogbo ayé ń lò ń gba nǹkan bíi mílílítà 3. Tá a bá bu omi là á títí tó fi kún un, ohun tá à ń wá á kéré débi pé nọ́mbà tó ń yí fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ á bò ó mọ́lẹ̀. Owó ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń fi ẹ̀kán omi kan ṣiṣẹ́ kò sì sí nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra cuvette kékeré ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú yìí fún spectrophotometer àtijọ́ wa (ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mu tó), inú mi sì dùn sí i gan-an.

Òde rẹ̀ bá ihò ẹ̀rọ mu rẹ́gí. Inú rẹ̀ ló há. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń rin mìlímítà 10 nínú omi, nítorí náà ìṣirò wa kò yí padà: tí A260 (iye ìmọ́lẹ̀ 260 nánómítà tí omi gbà mu) bá jẹ́ 1, DNA náà jẹ́ 50 máíkírógíráàmù nínú mílílítà kan. Ike àti dígí lásán kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ 260 nánómítà, tí ojú kò lè rí, kọjá, àmọ́ quartz (irú dígí àkànṣe kan) ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀gbẹ́ dúdú yẹn gan-an ni mo yìn jù. Tó bá jẹ́ èyí tó mọ́ gaara yíká ni, ìmọ́lẹ̀ á gba ara ògiri rẹ̀ kọjá láì kan omi, nọ́mbà á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yín ṣe ga tó láti ìsàlẹ̀ ihò. Àwọn ẹ̀rọ kan jẹ́ mìlímítà 8.5, àwọn mìíràn 15, àwọn kan 20. Fèrèsé cuvette náà (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) kéré. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òfìfo lẹ rà. Ẹni tó tà á fún mi kò kọ gíga yìí síbì kankan, ó dùn mí, torí òun ló ṣe pàtàkì jù. Mo ti wọn tiwa ṣáájú: mo yí ẹ̀rọ sí 540 nánómítà, mo ki bébà funfun bọ ihò, mo pa iná yàrá, mo sì fi rúlà wọn ibi tí àmì aláwọ̀ ewé náà bọ́ sí. Mo wá ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó bá a mu.

Fífọ̀ rẹ̀ ń gba sùúrù. Ẹnu rẹ̀ tóóró, ẹnu pípẹ́ẹ̀tì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ rọra ta omi sínú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tín-ń-tín tó bá há síbẹ̀ á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Cuvette kan náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe blank (wíwọn omi tí kò ní DNA nínú, láti fi ṣe òdo), kẹ́ ẹ sì máa kọ ojú kan náà sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu fèrèsé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, eruku Èkìtì kì í ṣeré. Tí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ jẹ́ kí àtùpà ẹ̀rọ gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ tún blank ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìkọ́lé àti Ọ̀yẹ́, tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣì dára, ẹ rà á. Ẹ lè fa omi yín padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, kẹ́ ẹ sì fi ṣe PCR (ọ̀nà tí à ń gbà sọ DNA di púpọ̀). Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ pé máíkírólítà 2 péré ló ní, kò ní tó fèrèsé rẹ̀ rárá.