1066 and All That: Ìwé Ìtàn Tí Ó Pa Mí Lẹ́rìn-ín

Ọdún 1930 ni W. C. Sellar àti R. J. Yeatman gbé ìwé pẹlẹbẹ yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí apá kan nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Punch nígbà náà. Àwọn méjèèjì ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní kí wọ́n tó pàdé ní Fásitì Oxford. Sellar ṣe iṣẹ́ olùkọ́, Yeatman sì ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú wọn sọ pé ìtàn kì í ṣe ohun tí ènìyàn rò pé ó jẹ́, bí kò ṣe ohun tí ènìyàn bá ṣì rántí. Láti orí èyí ni wọ́n ti sọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe kù sí orí ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò nílé ìwé: orúkọ ọba lọ́ mọ́ra wọn, ogun kan wọnú òmíràn, ọdún méjì péré, 55 ṣáájú ìbí Jésù (tí Caesar ará Róòmù kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Bìrìtéènì) àti 1066 (tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ni wọ́n sì tò sínú gbogbo ìwé náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n bá mẹ́nu bà, wọn yóò dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ohun rere ni tàbí ohun burúkú ni, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń ṣe.

Ojú ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ wà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ohun rere ni bí àwọn ará Róòmù ṣe ṣẹ́gun Bìrìtéènì, nítorí pé ọmọ ìbílẹ̀ lásán ni àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn lẹ̀ mọ́ àwọn baba wa, tí wọ́n sì fi sọ kóòtù wa lórúkọ. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn olùkọ́ wọn, wọ́n sì fi kọ́ àwọn baba ńlá tiwọn lọ́rùn. Mo ka ibẹ̀ sókè fún bàbá mi, tí ó ti parí ìwé mẹ́fà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, tí ó sì ṣì lè ka orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí n tún un kà.

Àwọn ìbéèrè ìdánwò inú rẹ̀ náà dùn púpọ̀. Ọ̀kan ń béèrè ẹni tí ó jọra jù láàárín Caesar àti Pompey, ọ̀gágun Róòmù méjì, ó sì ní kí a dáhùn ní ṣókí.

Síbẹ̀, ìwé yìí le fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ti Ọba Henry Kìíní, tí wọ́n ní ẹja kan tí ó rí gbọọrọ bí ejò ni ó jẹ lájẹjù tí ó fi kú ní 1135. Àwọn òǹkọ̀wé fi orúkọ ẹṣin kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, rọ́pò orúkọ ẹja náà. Ẹni tí kò gbọ́ ti ẹja náà rí yóò kàn rí ọba tí ó jẹ ẹṣin, kò sì ní mọ ohun tí àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín sí. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ní láti lọ ṣí ìwé ìtàn gidi kí n tó padà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé mo kọ́ ohun púpọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí àwòrán John Reynolds wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa kà á díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Bí ẹnìkan tí ó ka ìtàn Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé láyé ọjọ́un bá wà nítòsí, ẹ kà á sí i létí.